Bọ́ọ̀dù Tí Ikùn Rẹ̀ Jìn

Òórùn rẹsíìnì ló máa ń jí wa nílé wa ní Ṣógúnlé. Kì í ṣe àkùkọ, kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú tó ń gba orí páànù wa kọjá bí ẹni pé ó fẹ́ bà síbẹ̀. Òórùn náà dùn díẹ̀, ó sì ń ta ènìyàn nímú. Á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á lọ bá oúnjẹ lórí tábìlì, màmá mi á sì figbe ta: "Bàbá Lọlá, ẹ ti tún fi fáíbà sínú ẹ̀kọ wa o!" Bàbá mi á dáhùn láti ìta pé fáíbà yẹn náà ló ra ẹ̀kọ.

Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Bọ́mpà ọkọ̀ tó fọ́, táǹkì omi tó ya, ohunkóhun tí wọ́n bá ti fi fáíbà ṣe, bàbá mi ló ń tún un ṣe. Wọ́n á gé aṣọ fáíbà lé ojú ibi tó ya, wọ́n á fi rẹsíìnì, oje olóòórùn yẹn, rẹ ẹ́. Tó bá gan, wọ́n á fi pútì dí gbogbo ibi tó bá jìn, wọ́n á wá máa fi sáńpépà fá a títí ìyẹ̀fun funfun á fi bo irùngbọ̀n wọn. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí kò yí padà rí. Wọ́n á di ojú, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí ọwọ́ bá ṣì bọ́ sí kòtò kékeré kan, kódà kó má ju èékánná lọ, wọ́n á tún po pútì. "Ojú máa ń parọ́," wọ́n á wí fún wa. "Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ bi." Àwọn oníbàárà náà ti kọ́ ọ. Ọkùnrin tó wọ kóòtù á dúró lójú títì, á dijú, á máa fọwọ́ pa bọ́mpà ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń pa ológbò lára.

Àárọ̀ Sátidé kan tí òórùn yẹn le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Àǹtí Lọlá, ẹ̀gbọ́n mi, dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó gbé nǹkan gígùn méjì tó fi ògbólógbòó ìró màmá mi wé sí èjìká. Ó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò màmá mi ní Tákwà Béè, etíkun tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀ láti ìlú. Ohun tí bàbá mi mọ̀ ni pé ó ń bá wọn ta míńrà tútù àti ẹja díndín fáwọn tó ń wá gbafẹ́.

Ó tú ìró náà sílẹ̀. Pátákó fáíbà kan ni, ó gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ, imú rẹ̀ ká sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi, ó sì ti ṣẹ́ sí méjì láàárín. Fọ́ọ̀mù inú rẹ̀ yọ síta.

"Kí ni èyí?" bàbá mi bi í.

"Bọ́ọ̀dù ni, sà. Wọ́n fi ń gun ìgbì."

"Ta ló ń fi gun ìgbì?"

"Èmi ni, sà."

Bàbá mi gbé sáńpépà kalẹ̀. "Lórí òkun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Òkun tí ọkọ̀ ńláńlá ń gbà kọjá yẹn?"

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, sà."

Màmá mi ti jáde, ṣíbí ìrokà wà lọ́wọ́ wọn. "Ẹ jẹ́ kó sọ tán, Bàbá Lọlá."

"Ó ti sọ tán. Ó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni."

Ó sọ ìyókù lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń gun ìgbì. Òyìnbó obìnrin kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fún un ní bọ́ọ̀dù náà, ìgbì ló sì ṣẹ́ ẹ sí méjì. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, Kóòṣì Táíwò tó ń kọ́ wọn máa wo àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n gùn jù, ó sì máa mú ọ̀kan nínú wọn lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa wà. Kò sẹ́ni tó lè so bọ́ọ̀dù tó ṣẹ́ báyìí pọ̀ ní etíkun. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ tó mọ iṣẹ́ fáíbà ni bàbá rẹ̀.

"Míńrà ni mo rán ẹ lọ tà," bàbá mi wí. Wọ́n padà sídìí bọ́mpà tó wà níwájú wọn, wọ́n sì ń fá ojú kan náà títí di ìrọ̀lẹ́. Màmá mi kó wa wọlé. "Tí wọ́n bá ti dákẹ́ báyìí, ẹ má sún mọ́ wọn."

Ní ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, mo jókòó ti Àǹtí Lọlá. Ó gbé ìdajì bọ́ọ̀dù náà lé itan, ó dojú rẹ̀ dé. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni mí, ọwọ́ mi ti lọ síbẹ̀ kí n tó mọ̀. Ikùn rẹ̀, ìhà tó ń kan omi, jìn wọlé. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó jìn, láti àárín lọ sí ìrù, bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó fẹ́ bu omi mu.

"Ṣé wọ́n jókòó lé e ni?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látàárọ̀. Ó mú ṣíbí ìjẹun kan nínú abọ́ tí mo fẹ́ fọ̀, ó ṣí ẹ̀rọ, ó fi ìka méjì di ìdí ṣíbí náà mú fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì sún ẹ̀yìn rẹ̀ kan omi tó ń ṣàn. Mo rò pé omi á tì í dànù. Ńṣe ló fà á mọ́ra.

"O rí i? Ohun tí etí rẹ̀ bá rí roboto, omi máa ń lẹ̀ mọ́ ọn." Ó mú ọ̀bẹ, ó fi etí rẹ̀ kan omi náà, omi já kúrò lára ọ̀bẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ohun tó bá mú létí, omi á fi í sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí etí bọ́ọ̀dù yìí fi rí roboto níwájú, tó sì mú níbi ìrù. Níwájú, mo fẹ́ kí omi dì mí mú díẹ̀. Lẹ́yìn, mo fẹ́ kó jẹ́ kí n lọ."

"Ikùn tó jìn ńkọ́?"

"Omi tó bá gba ibẹ̀ kò ráyè sá sí ẹ̀gbẹ́. Àárín ló máa gbà lọ tààrà sí ìrù, á sì máa gbé mi sókè. Tí ìgbì bá dìde bí ògiri, tí mo bá fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ kan láti yí, ibi tó jìn yẹn àti etí mímú yẹn ni bọ́ọ̀dù fi ń di ògiri náà mú."

"Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ ńkọ́?"

"Lórí ìgbì kékeré, kò burú. Á yára, á máa yọ̀ lọ geere. Lórí ìgbì ńlá, tí n bá ní kí n yí, ìrù á yọ̀ kúrò lábẹ́ mi." Ó pa ẹ̀rọ. "Abẹ́ omi ni wọ́n á ti wá mi."

Sọ́ńdè kọjá, Mọ́ńdè kọjá. Bàbá mi kò pe orúkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ omi, wọ́n á ní kí n lọ sọ fún "ẹni tó wà nínú ilé." Ìdajì méjèèjì fara ti ògiri, a ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ aláìsàn kọjá.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, mo ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, ẹfun ṣì wà lára aṣọ mi, òórùn ọ̀dà ló pàdé mi ní oríta, kì í ṣe ti rẹsíìnì. Àwọn ènìyàn dúró yí ṣọ́ọ̀bù ká. Bọ́ọ̀dù náà wà lórí dúróòmù méjì, ó ti di odindi, ó funfun báláú. Ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì kan ni bàbá mi fi kùn ún. Alájì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní òdìkejì títì ń mi orí. "Bàbá Lọlá, ẹ ò ṣe irú èyí fún wa rí o. Àbí owó wa ni kò dáa?"

"Lọlá," bàbá mi pè. Gbogbo wa gbọ́ ọ. "Wá fi ọwọ́ wò ó."

Ó jáde wá. Ó di ojú bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù láti imú dé ìrù, kò mọ ojú ibi tó ti ṣẹ́. Bàbá mi bá a yí i padà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti imú, ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé àárín, ó dúró. Ó tún sún. Ó tún dúró. Ikùn náà tẹ́ bí orí tábìlì.

Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín. "O mọ̀ ọ́n, àbí? Ó ti jìn wọlé láti àárín dé ìdí, mi ò mọ ẹni tó jókòó lé e. Mo ti dí i. Etí ìdí rẹ̀ náà mú bí ọ̀bẹ, mo bá ẹ rẹ́ ẹ, kó má baà lọ gé ẹ lẹ́sẹ̀." Wọ́n nu ọwọ́ wọn. "Sátidé, èmi náà ń bọ̀ wá wò ó."

Àǹtí Lọlá kúnlẹ̀ nínú ìyẹ̀fun pútì. "Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á fún yín lókun."

Nínú yàrá wa, ó jókòó sórí ibùsùn, kò tan iná.

"Ẹ sọ fún wọn," mo wí.

"Kí n sọ kí ni? Pé iṣẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń yìn, wọ́n fi ba bọ́ọ̀dù jẹ́?"

"Wọn ò mọ̀ ni."

"Ìdí nìyẹn. Yẹ́misí, láti Sátidé, òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe orúkọ mi. Tí mo bá ṣí ẹnu, wọ́n á ní ó dáa, kí n padà lọ ta míńrà."

"Ìgbì ńlá ńkọ́?"

"Bóyá kò ní tóbi."

Láti ìgbà náà, àdúrà ìgbì kékeré ni mo ń gbà. Mo bi olùkọ́ wa pé báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ bí òkun ṣe máa rí lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mọ ìsọdipúpọ̀ mi. Nígbà tí a bá tò sí pápá láàárọ̀, mo ń wo bí àsíá ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́, mo sì ń bẹ atẹ́gùn kó rọra.

Kò rọra. Ní ọjọ́ Sátidé, gbogbo ilé ló lọ. Bàbá mi wọ ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kun bàtà, wọ́n fi aṣọ ibùsùn wé bọ́ọ̀dù náà, wọn kò sì jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ ojú omi fọwọ́ kàn án. Inú ọkọ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan di bọ́ọ̀dù mú, wọ́n fi ìkejì di jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó tó wà lọ́rùn wọn. "Ṣé èyí so dáadáa?" wọ́n bi ọlọ́kọ̀. Ó ní ó so. Nígbà tí ọkọ̀ fò lórí ìgbì àkọ́kọ́, wọ́n tún bi í. Màmá mi ń rẹ́rìn-ín sínú gèlè. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ń wo bí omi ṣe ń ga, mo sì ń wo ojú Àǹtí Lọlá tí kò wo ẹnikẹ́ni.

A ti gbọ́ ìró ìgbì kí a tó rí i. Ó ń wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi òkúta tí wọ́n kó sínú òkun, ilẹ̀ sì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Àwọn ọmọkùnrin etíkun jókòó sórí iyanrìn, wọ́n rí bọ́ọ̀dù funfun tó ń bọ̀.

"Ẹ wo fìríìjì!" ọ̀kan kígbe. "Lọlá, ṣé omi tútù wà nínú ẹ̀?"

Bàbá mi rò pé wọ́n ń yin iṣẹ́ òun. Wọ́n juwọ́ sí wọn.

Kóòṣì Táíwò jẹ́ ènìyàn kúkurú tí oòrùn ti sun, ohùn rẹ̀ sì ti há nítorí ariwo òkun. Ó kí àwọn òbí mi, ó gba bọ́ọ̀dù, ó yí i padà, ó fọwọ́ ra á. Ó wo Àǹtí Lọlá. "Ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni," bàbá mi wí. "Ẹ fọwọ́ wò ó dáadáa."

"Mo ti fi wò ó, Bàbá. Ó dán."

Ó fa ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tẹ̀ lé wọn. "Gba bọ́ọ̀dù ẹlòmíràn," ó wí fún un.

"Rárá, Kóòṣì."

"Lọlá, ìgbì òní kì í ṣe eré. Èyí á gbé ẹ ṣubú."

"Dádì mi ló ṣe é."

"Mo mọ̀ pé dádì ẹ ló ṣe é. Òkun ò mọ̀."

Àǹtí Lọlá gba bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó so okùn bọ́ọ̀dù mọ́ kókósẹ̀, ó wọ omi.

Ìgbì mẹ́ta ni ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gùn, ẹni tí ìgbì tó wù ú bá dé ni á sì gùn ún. Ṣadé, tí wọ́n bí sí etíkun náà, ló kọ́kọ́ lọ, ó gun àkọ́kọ́ tirẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀. Ó wá kan ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi ọwọ́ wa omi, ìgbì gbé e, ó dìde dúró. Bàbá mi pàtẹ́wọ́, wọ́n yíjú sí gbogbo ènìyàn: "Ọmọ mi nìyẹn!" Bọ́ọ̀dù náà yára, mi ò parọ́, ó ń yọ̀ lọ fáú. Lẹ́yìn náà ìgbì dìde bí ògiri, ó fi ẹsẹ̀ tẹ apá ọ̀tún láti yí, ìrù bọ́ọ̀dù náà sì yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ṣubú.

Ìgbì kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òkè rẹ̀ gan-an ni ìrù ti yọ̀. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè, mo rí funfun bọ́ọ̀dù, gbogbo omi náà sì wó lé e. Bọ́ọ̀dù yọ. Orí rẹ̀ kò yọ. Màmá mi ké pe Jésù. Kò yọ síbẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ fìríìjì ti dìde dúró. Nígbà tó yọ, ó jìnnà sí ibi tí gbogbo wa ń wò, ó di bọ́ọ̀dù náà mú, ó sì ń wúkọ́.

Ọwọ́ bàbá mi ti dúró láti ìgbà tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ àkọ́kọ́. "Kí ló dé tí ìdí rẹ̀ ń yọ̀?" Bóyá ara wọn ni wọ́n ń bi.

"Ẹ fọwọ́ wo ti àwọn yòókù, sà," mo wí. Mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu mi.

Wọ́n wò mí. Wọ́n wá rìn lọ sí ibi tí wọ́n to bọ́ọ̀dù àwọn ọmọ etíkun sí lórí iyanrìn, ikùn wọn kọjú sókè, lẹbẹ wọn nà bíi ti ẹja. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n dijú, wọ́n fọwọ́ ra àkọ́kọ́. Wọ́n ra èkejì. Ní ẹ̀kẹta, ọwọ́ wọn lọ dé ìrù, ó sì dúró lórí etí mímú náà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó la ojú.

Wọ́n wọ inú omi pẹ̀lú bàtà wọn. "Lọlá! Jáde wá!"

"Bàbá Lọlá, ẹ jọ̀ọ́," màmá mi ń sáré bọ̀, "ẹyọ kan ló kù fún un!"

"Mo ní kó jáde wá!"

Ó jáde, ó ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ wà ní ètè rẹ̀. Gbogbo etíkun rò pé wọ́n fẹ́ mú un lọ sílé. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

"Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ní kí n fọwọ́ wò ó."

Bàbá mi yíjú sí Kóòṣì. "Ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O ní ó dán."

"Ó dán lóòótọ́, sà."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Bàbá mi gbé ohùn sókè débi pé àwọn tó jókòó lábẹ́ ibòòji lókè gbọ́ ọ: "Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ fún mi ní fáìlì irin."

Kóòṣì ní korobá kan tó kó irinṣẹ́ sí fún títún bọ́ọ̀dù tó bá fọ́ díẹ̀ ṣe. Ó gbé e wá. "Bàbá, omi máa tó fà sẹ́yìn, tó bá ti fà, ìgbì á tú. Mi ò lè ní kí àwọn yòókù dúró. Tí wọ́n bá gun tiwọn tán tí Lọlá ò tíì wọlé, ó parí."

Bàbá mi wo ikùn bọ́ọ̀dù náà láti òkè délẹ̀. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣe gbogbo rẹ̀. "Apá ibo lo máa fi tẹ̀ ẹ́?"

"Apá ọ̀tún, sà. Ọ̀tún ni ìgbì ń yà sí."

"A jẹ́ pé apá ọ̀tún nìkan la máa ṣe. Máa sọ fún mi."

Wọ́n kúnlẹ̀ sínú iyanrìn tútù pẹ̀lú ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì. Fáìlì wọ inú ọ̀dà funfun tí gbogbo Ṣógúnlé ti yìn, ó dún bí ẹni ń ha ìkòkò. Pútì ń tú jáde, atẹ́gùn ń gbé e lu ojú wọn. Àǹtí Lọlá tẹ́ ọwọ́ síwájú fáìlì, ó ń fi ìka júwe.

"Kó tún jìn díẹ̀, sà."

"Ibí?"

"Ẹ sún un sí ìrù. Ó ku díẹ̀."

"Ṣé kò ní pọ̀jù?"

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi rí, kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni léèrè nídìí iṣẹ́. Ọmọbìnrin kẹta ti gun ìgbì rẹ̀ tó kẹ́yìn, Ṣadé nìkan ló kù nínú omi. Ọmọkùnrin kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Bàbá yìí ń ha iṣẹ́ ara wọn dànù o." Ìtìjú bò mí. Mo lọ dúró lẹ́yìn màmá mi.

Wọ́n bọ́ sí etí ìrù. Wọ́n ń rẹ́ ẹ, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò, títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ lójú àtàǹpàkò náà. Wọ́n fi hàn án. "Ó ti ń gé ènìyàn báyìí."

"Ó ti tó bẹ́ẹ̀, sà."

"Máa lọ."

Ó sáré wọ omi bí Ṣadé ṣe ń jáde. Ìdajì ikùn bọ́ọ̀dù náà ń dán, ìdajì ti ha gbúrugbùru. Ó jẹ́ kí ìgbì kan kọjá. Ó jẹ́ kí òmíràn kọjá. Kóòṣì ń bú u láti etí omi pé kí ló ń dúró dè. Ẹ̀kẹta dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi òkúta, ó ga tó fi dí ọkọ̀ ńlá tó wà lójú òkun mọ́ wa lójú. Àǹtí Lọlá wa omi, ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí rẹ̀, ó tẹ apá ọ̀tún. Èékánná màmá mi wọ èjìká mi. Ìrù náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ó dì í mú. Ó gun ògiri náà padà sókè, ó tún sọ̀, ó tún gùn ún, omi ń fọ́n jáde lẹ́yìn rẹ̀ tààrà, títí ó fi dé ibi tí omi kò ju orúnkún lọ. Gbogbo etíkun ń pariwo. Bàbá mi kò pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìrù bọ́ọ̀dù nìkan ni wọ́n ń wò, bí ẹni ń ka ìwé.

Ṣadé ni Kóòṣì mú. Ó ní tirẹ̀ dára ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ti Lọlá dára ní ẹ̀ẹ̀kan, òun ò sì lè kó ẹ̀ẹ̀kan lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀. Bàbá mi gbọn iyanrìn kúrò lára ṣòkòtò wọn, wọ́n ní, "Kóòṣì, ìgbà wo ni ìdánwò míì?"

Mo ti bi àwọn méjèèjì nípa ọjọ́ náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí mo ṣe ń bi àwọn ẹlẹ́rìí. Lọlá ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan báyìí, ó sì ṣì ń lọ sí etíkun tó bá ráyè. Ó dé Sẹ̀nẹ̀gà nígbà tó yá. Ó ní ẹ̀yìn ni òun fi ń sọlẹ̀ níbẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. "Mi ò rántí ìgbì yẹn dáadáa mọ́," ó wí fún mi. "Ohun tí mo rántí ni pé wọ́n ní, 'Ṣé kò ní pọ̀jù?'" Ti bàbá mi yàtọ̀. "Ìgbì kọ́ ló dẹ́rù bà mí lọ́jọ́ náà," wọ́n wí. "Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé ọmọ mi fẹ́ kú sínú omi ju kó sọ fún mi pé mo ṣe àṣìṣe lọ. Mo bi ara mi pé, irú bàbá wo ni mí?"

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe. Mo ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú àwọn tó kọ́ ilé tó wó, àwọn tó ṣe ọ̀nà tí òjò kan ṣoṣo gbé lọ. Wọ́n ti sọ fún mi pé òjò ni, pé iyanrìn ni, pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni kò fara balẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, mo ti gbọ́ ọ lójú kòtò. Mi ò tíì pàdé ẹni tó ní kí wọ́n fún òun ní fáìlì irin.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó sá sẹ́yìn màmá rẹ̀ lọ́jọ́ náà rò pé ẹ̀tẹ́ bàbá òun lòun ń wò. Ó ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí wọ́n tètè ṣe tán. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ orí bàbá mi nígbà náà báyìí, mo sì mọ bó ṣe ń wúwo tó láti fi ọwọ́ ara ẹni ha iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ti yìn. Tí wọ́n bá dá mi padà sórí iyanrìn yẹn, màá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọkùnrin tó ń wò, màá kúnlẹ̀ sí òdìkejì, màá sì di imú bọ́ọ̀dù náà mú fún wọn kó má baà máa yí.